Ìrìn-Àjò Fàájì Lórí Omi: Ọ̀kè-Ògùn, Kainji àti Ilẹ̀kùn Tí A Kò Ṣí

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé ní Scotland fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì háyà ọkọ̀ ojú omi kékeré kan fún ọjọ́ méje, wọ́n sì wà á fúnra wọn láti ìtòsí Fort William títí dé adágún Loch Ness, lórí ọ̀nà omi àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní Caledonian Canal. Nígbà tó ròyìn gbogbo rẹ̀ tán, ó ní: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa ṣètò irú rẹ̀ nílé tí a bá dé ní Kérésìmesì? Ṣebí omi wà lọ́dọ̀ wa, adágún náà sì wà."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń béèrè ọkọ̀ ojú omi! Àwa tí a mọ òfì í hun, tí a mọ iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ í gbìn, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì odò. Síbẹ̀ ìbéèrè náà kò fi mí sílẹ̀. Mo mú bébà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìrìn-àjò náà bí ẹni pé ọ̀la ni a ń lọ: ọ̀nà wo, oṣù wo, ọkọ̀ ta ni, eélòó, ta ni yóò sì yọ wá bí ọkọ̀ bá dojú dé? Ibi tí ètò yìí gbé mi dé ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ, nítorí ó ti wá yé mi pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti fàájì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ya àbúrò mi lẹ́nu jù lọ́hùn-ún. Omi kì í gun òkè, ọkọ̀ ojú omi náà kì í sì í gun òkè. Níbi tí apá kan ọ̀nà omi bá ti ga ju apá kejì lọ, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa mọ yàrá gígùn kan sí àárín, èyí tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Lọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Bí ọkọ̀ bá wọlé láti ìsàlẹ̀, wọn á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọn á sì ṣí ihò tí omi òkè ń gbà wọlé. Omi á máa kún díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á sì máa bá a gòkè bí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n. Nígbà tí omi inú yàrá bá dọ́gba pẹ̀lú ti òkè, ilẹ̀kùn iwájú á ṣí, ọkọ̀ á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ìṣàn omi fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Lọ́ọ̀kì 29 ló wà lórí Caledonian Canal tí wọ́n ṣí ní 1822, 8 nínú wọn sì tò tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn ní Banavie. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ òkun gìrìwò gòkè tó mítà 26 sí adágún Gatun ní Panama láti 1914 wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí nílẹ̀ wa. Ó wà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dá àjọ Niger Dams Authority sílẹ̀ ní 1962, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò mọ sórí iná mànàmáná: títún ọ̀nà omi ṣe fún ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ẹja àti bíbomirinlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáàmù Kainji ní 1964, wọ́n parí rẹ̀ ní 1968, Ọ̀gágun Gowon sì ṣí i ní oṣù Kejì 1969. Wọ́n kọ́ lọ́ọ̀kì mọ́ ọn kí odò náà má baà pín sí méjì fún ẹni tó ń wa ọkọ̀. Nígbà tí dáàmù Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, òun náà ní tirẹ̀. Nítorí náà, lórí bébà, ìrìn-àjò tí àbúrò mi ń béèrè ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí: kí a wọ ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ Jẹ́bà, kí lọ́ọ̀kì ibẹ̀ gbé wa sórí adágún Jẹ́bà, kí a máa wakọ̀ lọ sí àríwá títí dé ẹsẹ̀ Kainji, kí lọ́ọ̀kì tún gbé wa gòkè, kí a sì bọ́ sórí adágún tó gùn tó kìlómítà 135, tí ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ sì tó kìlómítà 30. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ lọ bá adágún náà láti Ṣakí lè gba Ìgbòho àti Kìṣí dé Káyámà, kó ti ibẹ̀ kọjá sí Wáwà àti Bùsà Tuntun.

Ọ̀nà yìí kì í sì í ṣe ọ̀nà àjèjì fún wa. Odò Ọya ni àwa Yorùbá ń pè é kí Òyìnbó tó sọ ọ́ ní Niger. Ìtàn Kìṣí kò ṣeé sọ láì dárúkọ Ìbàrìbá. Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John ń wá ibi tí odò náà ti wọ òkun ní 1830, Àgbádárìgì ni wọ́n ti gòkè, wọ́n gba Ọ̀yọ́ Ilé tí Aláàfin wà nígbà náà, wọ́n gba Kìṣí àti Káyámà dé Bùsà, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun. Ní Bùsà yìí kan náà ni Mungo Park kú sí ní 1806, níbi tí àpáta ti ń da omi rú. Àpáta ọ̀hún àti Bùsà àtijọ́ ti wà lábẹ́ adágún báyìí. Àwọn ènìyàn tó lé ní 40,000 ni wọ́n kó kúrò nílé kí omi tó bo ilẹ̀ wọn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Mo bi àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó ń ná ọ̀nà Kìṣí sí Káyámà, mo bi àwọn tó ń ra ẹja gbígbẹ láti ọ̀hún wá sí ọjà Ṣakí, mo bi ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ ìròyìn ní Ìlọrin. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rántí ọjọ́ tó rí ọkọ̀ èrò tó gba lọ́ọ̀kì kọjá. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Bí ẹ bá mẹ́nu ba Kainji, mẹ́gáwáàtì ni gbogbo ènìyàn mọ̀: 760 ni wọ́n ṣe Kainji fún, Jẹ́bà lé díẹ̀ ní 578. Láti 2013 ni ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ń bójú tó iṣẹ́ iná níbẹ̀, iná sì ni àdéhùn wọn. (Ní ti bóyá iná ọ̀hún ń dé Ọ̀kè-Ògùn, ẹ bi ará Ṣakí.) Iṣẹ́ tó kù tí òfin 1962 kà sílẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ti bá Bùsà àtijọ́ lọ sábẹ́ omi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbé mi lọ́kàn rèé. Kí wọ́n tó fún àbúrò mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ní Scotland, wọ́n ka iye wọn. Wọ́n bá ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù amúniléfòó tó wọ̀n ọ́n. Wọ́n fún wọn ní máàpù tó fi ibi tí omi kò jìn àti ibi tí òkúta wà hàn, àti nọ́ńbà tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní àlàyé náà pọ̀ débi pé ó fẹ́ sùn. Gbogbo èyí nítorí ìdílé kan tó fẹ́ lọ wo omi kí wọ́n sì ya fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lórí omi tiwa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2021, ọkọ̀ kan ṣí láti ìpínlẹ̀ Niger, ó ń lọ sí Warra ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Ó lé ní 150 ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aláṣẹ ọ̀nà omi ní agbègbè náà sọ pé 80 ni ó yẹ kó gbé. Ó sì tún kó àpò yanrìn láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ó fọ́ lójú omi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ayẹyẹ Máólúdì rì sómi nítòsí Gbajibo ní ìjọba ìbílẹ̀ Mokwa. Àjọ ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì sọ pé wọ́n tó 300 nínú ọkọ̀ kan, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ní ìjọba ìbílẹ̀ Borgu, àwọn ènìyàn wọ ọkọ̀ láti agbègbè Malale, wọ́n ń lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kùkùté igi tó wà lábẹ́ omi ni ọkọ̀ wọn gbá. Àwọn tó ń lọ kẹ́dùn ni wọ́n wá di ẹni tí a ń kẹ́dùn fún.

Kùkùté yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rò jinlẹ̀. Kì í ṣe òkúta tí Olódùmarè gbé síbẹ̀. Nígbà tí a bá dí odò, omi a máa bo igbó mọ́lẹ̀, igi tí a kò gé á kú sórí ìdúró, orí rẹ̀ á jẹrà, ìdí rẹ̀ á kù. Omi Kainji sì kì í dúró sójú kan. Bí ọdún bá fi máa dé ìdajì, ó ti fà púpọ̀. Òjò àríwá á bẹ̀rẹ̀ sí í kún un láti oṣù Kẹjọ, omi kejì tó ti òkè odò ní Guinea rìn wá fún ọ̀pọ̀ oṣù á tún dé bá a nígbà ọyẹ́. Nítorí náà kùkùté tí gbogbo ènìyàn ń rí lónìí lè wà ní ìwọ̀n apá kan sábẹ́ omi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, níbi tí ojú kò ti lè tó o mọ́, tí ìdí ọkọ̀ sì lè tó o. Awakọ̀ tó bá dàgbà síbẹ̀ á mọ ibi púpọ̀ nínú wọn lórí. Ṣùgbọ́n orí ẹnì kan kì í ṣe máàpù, alẹ́ sì máa ń lẹ́. Ọ̀pá ọparun kan tí a so aṣọ pupa mọ́ ì bá ti tó láti fi kìlọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn. Bí ìròyìn ọkọ̀ tó dànù bá ti wọlé láti apá ibẹ̀, a ní gbólóhùn tí a ti ń lò tipẹ́: ọkọ̀ gba èrò jù, alẹ́ ti lẹ́, èrò kò wọ ẹ̀wù amúniléfòó, gómìnà bá àwọn ẹbí kẹ́dùn. A ó fi iye òkú há ojú ewé inú, ó di ọ̀la. N kò rántí ọjọ́ kan tí a béèrè pé ta ló ni èbúté tí ọkọ̀ náà ti ṣí, tàbí ta ni a ń sanwó fún láti ka èrò. Mo pín nínú ẹ̀bi yẹn.

Ẹni tó ń lọ ṣe fàájì ló máa ń béèrè. Ó lówó lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó ń lé e. Bí ọkọ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á padà sílé lọ wo bọ́ọ̀lù. Obìnrin tó fẹ́ kó ẹja dé ọjà kí ó tó bàjẹ́ kò ní irú àǹfààní yẹn. Ọkọ̀ kan ló wà, ó ti kún, bó bá sì sọ pé òun kò wọ̀ ọ́, ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn ti bọ́. Ẹ̀rù ń ba òun náà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìbéèrè òun kò ní mú kí ọkọ̀ mìíràn dé. Àjọ NIWA tó ń ṣàkóso ọ̀nà omi láti Lọ́kọ́ja ní òfin pé kí ọkọ̀ má rìn lóru, kí èrò má sì wọlé láìsí ẹ̀wù amúniléfòó. Òfin náà dára. Àmọ́ ní èbúté tí kò ní orúkọ, tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀, ta ni yóò ka òfin sétí awakọ̀?

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ìwà ọlọ́rọ̀ ni kí a máa sọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lórí omi nígbà tí ebi ń pa ará ìlú. Mo mọ ìwọ̀n ìrẹsì kan ní ọjà, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé èbúté tí a bá kọ́ nítorí àlejò, apẹja ni yóò máa lò ó ní ọjọ́ tó kù. Kùkùté tí a bá sàmì sí kí ọmọ àbúrò mi má baà fara pa, ọkọ̀ alẹ́ja náà á yà fún un. Bí lọ́ọ̀kì bá sì ń ṣí ní wákàtí tí a mọ̀, tí ẹnì kan jókòó síbẹ̀ tó ń kọ orúkọ ọkọ̀ àti iye èrò sílẹ̀, níbẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó wà lórí omi wa kó tó di pé a ń ka òkú.

Síbẹ̀, n kò lè rán àbúrò mi lọ sí Kainji ní Kérésìmesì tó ń bọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀kì àti kùkùté nìkan kọ́. Gbogbo wa la mọ bí ọkàn kò ṣe balẹ̀ nípa igbó Borgu àti Kainji, tí àwọn agbébọn ti sọ di ibùba. Ẹni tó bá ní kí ìdílé kan gbé ọmọ kékeré gba ibẹ̀ kọjá nítorí fàájì, kò fẹ́ràn wọn.

Ìkẹ́rẹ́ ló kù. Mo mọ̀ pé ará Ìsẹ́yìn tó bá ń ka èyí á ti máa sọ pé, "Kí ló dé tí kò tètè dárúkọ rẹ̀?" Kò jìnnà sílé. Odò Ògùn, omi Yemọja, tó ṣàn wá láti ìhà Ṣakí, ni wọ́n dí níbẹ̀. Ìgbà ìjọba Shagari ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ológun gba ìjọba ní òpin 1983, ọ̀rọ̀ sì di ti ẹni tó gbé e kalẹ̀ àti ẹni tó yẹ kó gbé e dìde. Adágún náà lè gba omi tó mílíọ̀nù 690 mítà onígun mẹ́ta. Wọ́n ní yóò fúnni ní iná, yóò bomi rin oko tó tó hẹ́kítà 12,000, omi rẹ̀ yóò sì ṣàn lọ ran ará Èkó lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ mọ èyí tó ṣẹ. Omi wà, ògiri wà, ẹyẹ àti apẹja wà.

Kò sí lọ́ọ̀kì ní Ìkẹ́rẹ́, a kò sì nílò rẹ̀ láti ṣeré lójú omi náà. Ohun tó ń fẹ́ kéré: èbúté onípákó tó dúró ṣinṣin, ọkọ̀ mẹ́wàá tí a kọ nọ́ńbà àti iye èrò sí lára, ọ̀pá aláṣọ pupa lórí kùkùté, àkọsílẹ̀ ẹni tó jáde àti ẹni tó padà, àti obìnrin tó mọ ẹja í yan. Àwọn àlejò tó ń gun òkè Adó-Àwáyè lọ wo adágún Ìyàkẹ̀ kì í sùn lágbègbè wa. Wọ́n á gòkè láàárọ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, ọkọ̀ wọn á sì dorí kọ Ìbàdàn. Bí Ìkẹ́rẹ́ bá wà fún ọjọ́ kejì, wọ́n á sanwó yàrá ní Ìsẹ́yìn, wọ́n á jẹun níbẹ̀, bóyá wọ́n á tilẹ̀ ra òfì. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lábàá láti gbé ọkọ̀ lọ sórí Ìyàkẹ̀ o. Ibi ọ̀wọ̀ nìyẹn.)

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣe ọ̀nà láti Mọ́níyà wá sí Ìsẹ́yìn, mo sì kí wọn fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n nípa Ìkẹ́rẹ́, mo mọ ìdáhùn tí mo máa gbọ́: ìjọba àpapọ̀ ló ni dáàmù, lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó agbada odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Òótọ́ ni. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tilẹ̀ dá a lẹ́jọ́ ní oṣù Kìíní 2024, nínú ẹjọ́ tó kan ìpínlẹ̀ Èkó, pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi orílẹ̀-èdè yìí. Ìjọba àpapọ̀ ló ni omi, ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀nà tó dé ibẹ̀, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Ìtẹ̀síwájú ló ni oko tó yí i ká. Ẹni mẹ́ta ló ni í, kò sì sí ẹni tó ń jí gbá a. Kí ni ó ń dí gómìnà lọ́wọ́ láti kọ lẹ́tà kan sí Abẹ́òkúta kí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí èbúté kan ṣoṣo? Àwọn aṣòfin wa láti Ọ̀kè-Ògùn tó wà l'Ábújá ńkọ́? Wọ́n lè béèrè nílé ìgbìmọ̀ pé ọjọ́ wo ni lọ́ọ̀kì Kainji àti ti Jẹ́bà ṣí kẹ́yìn, eélòó ni wọ́n sì fi ń tọ́jú wọn. Ìbéèrè lásán ni, owó kankan kò sí nínú rẹ̀.

Mo ti dá àbúrò mi lóhùn. Mo ní Ìkẹ́rẹ́ ni a ó lọ, ọ̀sán gangan, wákàtí méjì péré, a kò ní jìnnà sétí omi, a ó sì padà kí ọyẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Mo ti bá apẹja kan sọ̀rọ̀ tó ti ń wa ọkọ̀ níbẹ̀ láti kékeré. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni yóò wà wá. Àbúrò mi ní òun á ra ẹ̀wù amúniléfòó mẹ́rin bọ̀ láti ọ̀hún, fún òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Mo ní kó rà á ní méje. Mo ka èmi náà mọ́ ọn, apẹja ọ̀hún àti ọmọ rẹ̀ kò sì ní ìkankan.